Kí Iju Tó Fi Inú Ṣelé: Àgbéyẹ̀wò Ìwádìí lórí Fáíbírọ́ìdì fún Àwọn Obìnrin Peckham

Ní 1966, ní ìlú Gothenburg lórílẹ̀-èdè Sweden, àwọn oníṣègùn kan tí Hallberg ṣe olórí wọn gba páàdì nǹkan oṣù lọ́wọ́ obìnrin 476, wọ́n sì wọn ẹ̀jẹ̀ inú rẹ̀. Ibẹ̀ ni òṣùwọ̀n tí àwọn oníwádìí ń lò títí di òní ti ṣẹ̀: obìnrin tí ẹ̀jẹ̀ oṣù rẹ̀ bá ń lé ní mílílítà 80, ìyẹn nǹkan bíi ṣíbí ńlá márùn-ún, èròjà irin tó wà lára rẹ̀ á máa gbẹ, ẹ̀jẹ̀ ara rẹ̀ kò sì ní pẹ́ di èyí tí kò tó. Ṣíbí márùn-ún péré, látìgbà tó bá bẹ̀rẹ̀ títí tó fi máa dá. Obìnrin tó ń lo páàdì méjì léra wọn, tó ń tẹ́ táwẹ̀lì sórí bẹ́ẹ̀dì kó tó sùn, tó jẹ́ pé aṣọ dúdú nìkan ló ń wọ̀ lọ síbi iṣẹ́ lọ́sẹ̀ yẹn, ó ṣeé ṣe kó ti kọjá òṣùwọ̀n yẹn tipẹ́. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá bi í, ohun tí ọ̀pọ̀ nínú wọn máa sọ ni pé oṣù àwọn a máa ya díẹ̀, bẹ́ẹ̀ náà ni ti màmá àwọn rí. Gbólóhùn yẹn gan-an ni àgbéyẹ̀wò yìí fẹ́ bá wí, torí pé nínú gbogbo ohun tí ìwádìí ti kọ́ wa nípa iju láti bí ọgbọ̀n ọdún sẹ́yìn, kò sí èyí tó ṣe kedere tó ọ̀rọ̀ àkókò: àìsàn yìí ń tètè bẹ̀rẹ̀ lára àwọn obìnrin adúláwọ̀, ìtọ́jú ló ń pẹ́ dé.

Iju ni àwọn àgbà ń pè é. Fáíbírọ́ìdì ni gbogbo ayé ń pè é báyìí, láti Ìbàdàn títí dé Peckham ní London. Kókó ẹran ni, tó ń hù lára iṣan tó di ògiri ilé ọmọ. Kì í ṣe jẹjẹrẹ. Òmíràn kéré bí ẹyọ ẹ̀pà. Òmíràn a tó orí ọmọ tuntun, ikùn obìnrin náà á sì yọ bí ẹni tó wà nínú oyún oṣù mẹ́fà, tí àwọn èèyàn á fi máa kí i kú ewu. Ibi tó bá jókòó sí ló ń pinnu irú ìyà tó máa fi jẹni. Èyí tó yọrí sínú yàrá ilé ọmọ ló ń mú kí ẹ̀jẹ̀ ya, bó ti wù kó kéré tó. Èyí tó wà ní ẹ̀yìn ògiri lè tóbi gan-an kó má da ẹ̀jẹ̀ kankan, àpò ìtọ̀ ni yóò máa tẹ̀, tí obìnrin kò fi ní í sùn tó lóru. Àwọn homóònù inú ara obìnrin ni oúnjẹ rẹ̀, ìdí sì nìyẹn tó fi ń súnkì lẹ́yìn tí nǹkan oṣù bá ti dáwọ́ dúró. Ní 2011, àwọn onímọ̀ kan ní Finland fi hàn nínú ìwé ìròyìn Science pé nínú iju mẹ́wàá, bíi méje ló ní àṣìṣe lára jíìnì kan ṣoṣo tí wọ́n ń pè ní MED12. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé ẹyọ sẹ́ẹ̀lì kan ló ṣi ọ̀nà, tó wá ń bí irú ara rẹ̀ lọ. Kì í ṣe èpè, kì í ṣe àfọwọ́fà, kì í sì í ṣe ẹ̀san ohun tí ẹnikẹ́ni fi ìgbà èwe ṣe. Ó wù mí kí ọ̀rọ̀ yìí dé etí gbogbo ìyá ọkọ.

Ìwádìí tí gbogbo onímọ̀ ń tọ́ka sí nípa bí iju ṣe wọ́pọ̀ tó jáde ní 2003, láti ọwọ́ Donna Baird àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ní Amẹ́ríkà. Wọ́n fi skáànù wo inú àwọn obìnrin ìlú Washington tí ọjọ́ orí wọn wà láàárín 35 sí 49, wọ́n sì ṣírò pé tí obìnrin bá fi máa pé àádọ́ta ọdún, nǹkan bíi 70 nínú 100 òyìnbó ni yóò ti ní iju, ṣùgbọ́n nínú 100 adúláwọ̀, ó lé ní 80. Àwọn tó bá ka ìròyìn náà sáré máa ń rò pé ìyàtọ̀ yẹn kò tó nǹkan. Inú ọjọ́ orí ni ìyàtọ̀ náà wà. Iju àwọn adúláwọ̀ ti ń hù ní ọ̀pọ̀ ọdún ṣáájú ti òyìnbó, ó ń pọ̀ jù, ó sì ń tóbi jù. Ohun kejì nínú ìwádìí yẹn ló gbà mí lọ́kàn jù: láàárín àwọn tí nǹkan oṣù wọn kò tíì dúró, tí dókítà kankan kò sì sọ fún rí pé wọ́n ní iju, ìdajì ni skáànù bá a nínú wọn. Lẹ́yìn náà, ní ìlú Detroit, láàárín 2010 sí 2012, àwọn oníwádìí kó obìnrin adúláwọ̀ bíi 1,700 jọ, tí wọn kò ju 35 lọ, tí àwọn kan nínú wọn jẹ́ ọmọ ọdún 23, tí kò sì sí ẹni tó mọ̀ pé òun ní iju nínú wọn. Skáànù àkọ́kọ́ fi hàn pé nǹkan bí ẹnì kan nínú márùn-ún ti ní in. Ní Southwark tí Peckham wà, ìkànìyàn 2021 fi hàn pé ìdá kan nínú mẹ́rin àwọn olùgbé ibẹ̀ ló jẹ́ adúláwọ̀. Ohun tó ń ṣe Abọ́yadé, gbogbo ọlọ́ya ló ń ṣe é; Abọ́yadé kàn ń rò pé òun nìkan ni.

Iye ọjọ́ orí tí Detroit fi lélẹ̀ yìí tún já irọ́ ọ̀rọ̀ kan tó ti dun ọ̀pọ̀ obìnrin. Wọ́n máa ń sọ ọ́ nílé, wọ́n ń sọ ọ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì, àwọn dókítà kan pàápàá máa ń sọ ọ́ bí ẹni pé àwàdà ni: pé ilé ọmọ tí kò bá rí ọmọ gbé, iju ni yóò gbé, pé ìwé kíkà àti ilé tí obìnrin fẹ́ kọ́kọ́ rà ló fà á. Òótọ́ ni pé iju kì í pọ̀ lára ẹni tó ti bímọ tó ti ara ẹni tí kò tíì bí. Ìwádìí púpọ̀ ló ti fìdí ìyẹn múlẹ̀. Ṣùgbọ́n bí iju bá ti wà nínú ọmọ ọdún 25 tí kò tíì gbìyànjú àtibímọ rárá, kí ló ṣáájú, kí ló tẹ̀lé? Iju mìíràn ni kì í jẹ́ kí oyún dúró. Àwa ti wá sọ àmì àìsàn di ẹ̀ṣẹ̀ aláìsàn, obìnrin tí ojú ń tì kì í sì í tètè lọ sọ́dọ̀ dókítà.

Ọ̀rọ̀ ohun tó ń fà á gbé wa dé Rye Lane ní Peckham, níbi tí ṣọ́ọ̀bù irun ti fara gbún ṣọ́ọ̀bù irun láti ibùdó ọkọ̀ ojú irin lọ. Ní 2012, àwọn tó ń ṣe ìwádìí ńlá lórí ìlera àwọn obìnrin adúláwọ̀ ní Boston yẹ àkọsílẹ̀ obìnrin tó lé ní 23,000 wò, wọ́n sì rí i pé iju fi nǹkan bíi 17 nínú 100 wọ́pọ̀ sí i lára àwọn tó ti lo ríláásà, ìpara tí ń na irun, ju àwọn tí kò lò ó rí lọ. Ọdún mẹ́wàá lẹ́yìn náà ni ìwádìí mìíràn tó tẹ̀ lé obìnrin 33,497 sọ ohun tó tún wúwo ju ìyẹn lọ, lórí jẹjẹrẹ ilé ọmọ, tí í ṣe àìsàn ọ̀tọ̀ sí iju: nínú 100 obìnrin tí kò lo ìpara náà, iye tí jẹjẹrẹ yẹn máa mú kí wọ́n tó pé 70 ọdún kò tó méjì, nínú 100 tó ń lò ó léraléra, nǹkan bíi mẹ́rin ni. Ó yẹ ká fi òdodo wọn ọ̀rọ̀ yìí. Mẹ́tàdínlógún nínú ọgọ́rùn-ún kéré. Kò lè dá nìkan ṣàlàyé ìdí tí iju fi ń mú obìnrin adúláwọ̀ ní ìlọ́po méjì tàbí mẹ́ta ju òyìnbó lọ, gẹ́gẹ́ bí ìwádìí tí wọ́n ṣe láàárín àwọn nọ́ọ̀sì Amẹ́ríkà ṣe fi hàn ní 1997. Irú ìwádìí báyìí kò sì lè sọ dájúdájú pé ìpara náà ló fa àìsàn. Ohun méjì tó ń rìn pọ̀ lásán ló ń fi hàn. Síbẹ̀, kò sí ohun tó ná wa láti dẹ́kun fífi ríláásà sórí ọmọ ọdún méje. Àwọn onírun Rye Lane mọ irun dì, wọ́n mọ̀ ọ́n kó, iṣẹ́ wọn kò sì ní bàjẹ́ nítorí ìyẹn.

Oòrùn ni ohun kejì. Ìwádìí Washington fi hàn ní 2013 pé àwọn obìnrin tí fítámìn D wọn tó, ṣíṣeéṣe kí wọ́n ní iju fi bí ìdá mẹ́ta dín sí ti àwọn tí tiwọn kò tó. Àwọn ará Detroit náà sì fi hàn ní 2022 pé iju a máa fi díẹ̀ rọra dàgbà lára ẹni tí tirẹ̀ bá pọ̀ tó. Ara dúdú kì í tètè fi oòrùn ṣe fítámìn yìí, London sì jìnnà sí oòrùn. Ìjọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fúnra wọn ti sọ pé kí àwọn tó wá láti ilẹ̀ Áfíríkà rò ó láti máa lo máíkírógíráàmù 10 lójoojúmọ́ jálẹ̀ ọdún. Kò sí ẹni tó tíì fi hàn pé fítámìn ń wo iju sàn, èmi náà kò sì sọ bẹ́ẹ̀. Mo kàn ń sọ pé àwọn ohun tó lè dáàbò bò wá, ìgbà tí iju kò tíì hù tàbí tó ṣì kéré ni wọ́n wúlò.

Ní ti ìtọ́jú, ìtẹ̀síwájú tó ti wà kò ṣeé fojú di, ó sì yẹ ká kí àwọn tó jà fún un. Títí di ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún tó kọjá, iṣẹ́ abẹ tí wọ́n mọ̀ fún iju ńlá ni kí wọ́n yọ ilé ọmọ dànù. Victor Bonney, oníṣẹ́ abẹ kan ní London, ló fi èyí tó pọ̀ jù nínú ayé rẹ̀ jà pé kò yẹ kí ó rí bẹ́ẹ̀, pé a lè ṣa iju kúrò lọ́kọ̀ọ̀kan kí ilé ọmọ sì wà níbẹ̀. Òun ló ṣe irinṣẹ́ tí wọ́n fi ń dá ẹ̀jẹ̀ dúró nígbà iṣẹ́ abẹ yẹn. Ní 1995, Jacques Ravina ní Paris gbé ọ̀nà mìíràn jáde: wọ́n á ti ọ̀pá tẹ́ẹ́rẹ́ gba inú iṣan ẹ̀jẹ̀ lọ títí dé ibi tí iju ti ń jẹun, wọ́n á da hóró wẹ́wẹ́ síbẹ̀ láti dí ọ̀nà náà, ebi á pa iju, á súnkì. Fún ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n, àwọn dókítà ń jiyàn lórí èyí tó dára jù nínú méjèèjì. Gúúsù London níbí ni ìdáhùn ti wá. Isaac Manyonda, dókítà àgbà ní St George's ní Tooting, ló ṣe aṣáájú ìwádìí kan tí wọ́n pè ní FEMME: obìnrin 254 ní ilé ìwòsàn 29, tí wọ́n ṣẹ́ kèké pín sí méjì, ìdajì fún abẹ, ìdajì fún dídí iṣan. Wọ́n tẹ èsì rẹ̀ jáde ní 2020. Lẹ́yìn ọdún méjì, nínú 100 máàkì tí wọ́n fi wọn bí ayé ṣe rọrùn fún wọn sí, àwọn tí wọ́n ṣe abẹ fún gba 84.6, àwọn yòókù gba 80.0. Abẹ borí, ṣùgbọ́n kò borí púpọ̀; àwọn tí wọ́n dí iṣan fún sì tètè kúrò nílé ìwòsàn. Fún ẹni tó ṣì ń wá ọmọ, iye tó lóyún nínú ìwádìí náà kéré ju ohun tí a lè fi ṣèdájọ́ lọ. Ohun tí mo rí nínú èsì yìí ni pé ọ̀nà méjì tó dára ló wà, kí obìnrin mọ méjèèjì kó tó yan ọ̀kan. Ẹni tí iju rẹ̀ bá ti kún ikùn dé ìdodo kì í sábàá ní àǹfààní àtiyàn mọ́.

Oògùn náà ti yí padà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹ̀kọ́ kan wà níbẹ̀ tí kò yẹ ká gbàgbé. Esmya tí wọ́n fọwọ́ sí ní Yúróòpù ní 2012 mú inú ọ̀pọ̀ èèyàn dùn, títí tí wọ́n fi rí i pé ó ba ẹ̀dọ̀ àwọn obìnrin kan jẹ́ débi pé wọ́n ní láti gba ẹ̀dọ̀ ẹlòmíràn. Wọ́n dá a dúró ní 2020. Nígbà tó padà dé, ìwọ̀nba àwọn tí abẹ kò bá lára mu nìkan ni wọ́n gbà láyè láti lò ó. Ryeqo ló tẹ̀ lé e, tí ìgbìmọ̀ NICE fọwọ́ sí fún NHS, ètò ìlera ìjọba, ní oṣù kẹwàá 2022. Nínú ìwádìí méjì tí wọ́n fi dán an wò, nínú obìnrin mẹ́wàá tó lo oògùn náà, méje ni ẹ̀jẹ̀ wọn dín sí ìdajì tó sì wá sísàlẹ̀ mílílítà 80. Nínú mẹ́wàá tó lo oògùn òfìfo, kò tó méjì. Linzagolix, irú oògùn bẹ́ẹ̀, ni NICE tún fọwọ́ sí ní 2024. Hóró kan lóòjọ́ ni. Kì í pa iju, ṣùgbọ́n ó ń dá ẹ̀jẹ̀ dúró níwọ̀n ìgbà tí obìnrin bá ń lò ó, kì í sì í ṣe fún ẹni tó ń wá oyún lọ́wọ́.

Nígbà náà, bí oògùn bá wà, tí abẹ wà, tí ọ̀nà tí kò lábẹ nínú wà, kí ló dé tí obìnrin ṣì ń dé ilé ìwòsàn pẹ̀lú ojú tó funfun bí ìwé? Gbogbo ìwádìí wọ̀nyí bẹ̀rẹ̀ láti ibi tí obìnrin ti wà níwájú dókítà àgbà. Ọ̀nà láti ilé dé ibẹ̀ ni kò gún. Nígbà tí ìjọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ń ṣe ètò ìlera obìnrin tí wọ́n gbé jáde ní 2022, bíi 100,000 èèyàn ló dá wọn lóhùn, 84 nínú 100 sì sọ pé ìgbà kan ti wà tí àwọn òṣìṣẹ́ ìlera kò fetí sí àwọn. Ní oṣù kejìlá 2024, ìgbìmọ̀ àwọn aṣòfin tó ń rí sí ọ̀rọ̀ obìnrin gbé ìjábọ̀ jáde lórí àìsàn ilé ọmọ, wọ́n sì sọ ọ́ ní gbangba pé wọ́n ń fojú kéré ìrora obìnrin nílé ìwòsàn, pé wọ́n ń sọ fún wọn pé bí ara obìnrin ṣe rí nìyẹn. Oṣù tó ṣáájú ìyẹn ni ẹgbẹ́ àwọn dókítà tó ń tọ́jú àìsàn obìnrin, RCOG, sọ pé àwọn tó wà lórí ìlà fún ìtọ́jú àìsàn obìnrin ní ilẹ̀ yìí lé ní 750,000. Ẹ fi ọdún tí obìnrin fi dákẹ́ nílé kún ọdún tí GP, dókítà àdúgbò, fi sọ fún un pé kó mu pàrásítámọ́ọ̀lù, kí ẹ tún wá fi oṣù tó fi wà lórí ìlà kún un. Àárín àkókò yẹn ni iju fi ń dàgbà. Àìtètè mólè, olè ń mólóko.

Àwọn onímọ̀ kan á dá mi lóhùn, ìdáhùn wọn sì ní ẹsẹ̀ nílẹ̀. Wọ́n á ní ọ̀pọ̀lọpọ̀ iju kì í dá wàhálà kankan sílẹ̀. NHS fúnra rẹ̀ sọ pé nínú obìnrin mẹ́ta tó ní in, nǹkan bí ẹnì kan ni ara ń ni. Bí a bá ya skáànù fún gbogbo ọmọ ọdún 25 ní Southwark, a máa rí kókó tí ì bá bá ẹni tó ni ín kú láìṣe é ní nǹkan kan, a máa kó jìnnìjìnnì bá àwọn ọmọbìnrin, àwọn oníṣòwò á sì sáré wá tà wọ́n ní oògùn àti abẹ tí wọn kò nílò. Mo gba èyí. Ìdí nìyẹn tí n kò fi sọ pé kí a ya skáànù fún gbogbo èèyàn. Ẹ̀jẹ̀ ni kí a máa wá, kì í ṣe kókó. Iju tí kò da ẹ̀jẹ̀, tí kò tẹ ohunkóhun, tí kò dí ọmọ lọ́wọ́, kí á fi í sílẹ̀ jẹ́jẹ́. Ṣùgbọ́n ẹ̀jẹ̀ tó ń ya ṣeé mọ̀ láìlo ẹ̀rọ kankan. Ìbéèrè ni ẹ̀rọ rẹ̀. Ìlànà tí NICE ṣe ní 2018 sì ti sọ ọ́ tẹ́lẹ̀ pé obìnrin yòówù tí ẹ̀jẹ̀ oṣù rẹ̀ bá pọ̀ jù, kí wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ ara rẹ̀ wò láti mọ̀ bóyá ó tó. Owó kékeré ni àyẹ̀wò yẹn. Ìlànà náà tilẹ̀ lọ síwájú: kò fi mílílítà de ẹnikẹ́ni mọ́, ohun tó sọ ni pé bí ẹ̀jẹ̀ bá ti ń dí ayé obìnrin lọ́wọ́, ó ti pọ̀ jù nìyẹn. Ọ̀rọ̀ ẹnu obìnrin ti di ẹ̀rí. Ìyípadà ńlá ni, mo sì ń wò ó pé díẹ̀ nínú àwọn obìnrin tó ni ẹ̀tọ́ yìí ló mọ̀ pé àwọn ní in.

Àwọn mìíràn á ní NHS kò ní owó ìwọ̀nyí. Lóòótọ́, ní 2023 ìjọba yọ mílíọ̀nù 25 pọ́n-ùn sọ́tọ̀ fún ilé ìtọ́jú obìnrin ní àwọn àdúgbò, nígbà tó sì di 2025, ọ̀rọ̀ àwọn ilé náà ti yọ kúrò nínú ètò tí wọ́n pa láṣẹ fún àwọn aláṣẹ ìlera. Ṣùgbọ́n kò sí ibi tí ìṣirò owó yìí ti gbe ìdádúró. Obìnrin tí wọn kò fún ní oògùn irin ní 28 ni wọ́n ń fa ẹ̀jẹ̀ sí lára ní 41, tí wọ́n ń fi wákàtí pípẹ́ ṣe abẹ fún, tó sì ń fi ọ̀sẹ̀ mẹ́fà jókòó sílé láìlọ síbi iṣẹ́. Bó bá jẹ́ olùtọ́jú arúgbó tàbí ẹni tó ń gbálẹ̀ ọ́fíìsì, tí wọ́n ń sanwó fún ní wákàtí kọ̀ọ̀kan, owó ilé rẹ̀ náà wà nínú ìṣirò yẹn.

Àtakò kan wà tí n kì í fi ọwọ́ yẹpẹrẹ mú, òun ni ìbẹ̀rù pé bí èèyàn bá lọ, wọn á yọ ilé ọmọ òun. Kì í ṣe àròsọ. Ní 1961, ní Mississippi, Fannie Lou Hamer, tó padà di akọni nínú ìjàkadì ẹ̀tọ́ àwọn adúláwọ̀, wọlé fún iṣẹ́ abẹ láti yọ kókó kékeré kan, oníṣẹ́ abẹ sì yọ ilé ọmọ rẹ̀ láìbi í léèrè. Irú rẹ̀ wọ́pọ̀ débi pé òun fúnra rẹ̀ ló fún un ní orúkọ, orúkọ iṣẹ́ abẹ ìfun ni ó fi bò ó. Ẹni tó bá ní kí á má bẹ̀rù lẹ́yìn irú ìtàn yìí kò bọ̀wọ̀ fún wa. Ohun tí mo fẹ́ fi kún un nìyí: ìbẹ̀rù yẹn kan náà ló ń mú wa dé ibi tí a ń bẹ̀rù. Ẹni tó bá tètè lọ ni oògùn ṣì lè tó, ni wọ́n ṣì lè gba ojú ara wọlé yọ iju kékeré láìgé ikùn. Ẹni tó bá fi ọdún mẹ́wàá sá fún abẹ ni dókítà máa ń bá sọ̀rọ̀ yíyọ ilé ọmọ. Ní ti àgbo, n kò ní bú ẹni tó ń mu ún, torí ìgbà tí kò sí ẹni tó gbọ́ tiwọn ni ọ̀pọ̀ lọ bá alágbo. Ìbéèrè mi fún alágbo àti fún oníṣọ́ọ̀bù tó ń ta tíì iju ni èyí tí wọ́n bi Esmya: ta ló yẹ ẹ̀dọ̀ àwọn tó mu ún wò? Ọ̀rọ̀ àdúrà yàtọ̀. Ní 2013, àwọn oníwádìí Yunifásítì Roehampton ka ìjọ adúláwọ̀ 240 ní Southwark nìkan, nǹkan bí ìdajì wọn sì wà ní Peckham. Ibi tí obìnrin púpọ̀ ti ń pàdé lọ́sẹ̀ lọ́sẹ̀, tí wọ́n fọkàn tán ara wọn, kò sí ilé ìwòsàn tó ní irú rẹ̀. Bí ìyá ìjọ kan bá lè dìde sọ níwájú àwọn obìnrin ìjọ pé ẹ̀jẹ̀ tó ń ya ní orúkọ, ó sì ní ìtọ́jú, iṣẹ́ tí yóò ṣe ju ti ìwé pélébé tí wọ́n ń pín nílé ìwòsàn lọ.

Ohun tí mo ń dábàá kò ṣàjèjì sí Peckham. Ní St Mary's Road, ilé kan wà tí wọ́n ti sọ di ibùgbé báyìí, tí gbogbo ojú rẹ̀ jẹ́ gíláàsì. Ibẹ̀ ni Pioneer Health Centre wà láti 1935. George Scott Williamson àti Innes Pearse, dókítà méjì tí wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ ní ilé kékeré kan ládùúgbò yìí kan náà ní 1926, ló dá a sílẹ̀. Ìdílé ló ń forúkọ sílẹ̀, ṣílè kan lọ́sẹ̀ ni owó rẹ̀. Wọ́n ń lúwẹ̀ẹ́, wọ́n ń jó, wọ́n ń jẹun, lẹ́ẹ̀kan lọ́dún wọ́n á sì jẹ́ kí dókítà yẹ ara wọn wò, bí ara wọn tilẹ̀ le. Ohun tí wọ́n rí ya wọ́n lẹ́nu: nínú èèyàn mẹ́wàá tó rìn wọlé fúnra rẹ̀, bíi mẹ́sàn-án ló ní ohun kan tó ń ṣe é, ọ̀pọ̀ kò sì mọ̀, torí ó ti bá wọn gbé pẹ́. Wọ́n ti ilé náà pa ní 1950. NHS tuntun, tí wọ́n kọ́ láti tọ́jú ẹni tó ti ń ṣàìsàn, kò rí àyè fún ilé tó ń wá ẹni tí kò tíì mọ̀ pé òun ń ṣàìsàn.

A kò nílò láti tún irú ilé bẹ́ẹ̀ kọ́. Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ti ń kọ lẹ́tà sí gbogbo obìnrin tó bá ń sún mọ́ 25 pé kó wá fún àyẹ̀wò ẹnu ọ̀nà ilé ọmọ. Nọ́ọ̀sì wà níbẹ̀, ilẹ̀kùn ti tì, obìnrin náà sì ti borí ìtìjú kó tó dé. Lára ìbéèrè tí wọ́n ń bi í níbẹ̀ ni ìgbà tí ó rí oṣù gbẹ̀yìn. Kí wọ́n fi mẹ́rin kún un, kí wọ́n kọ ìdáhùn rẹ̀ sílẹ̀, kí wọ́n sì fa ẹ̀jẹ̀ díẹ̀ fún àyẹ̀wò lára ẹni tó bá dáhùn bẹ́ẹ̀ ni sí èyíkéyìí nínú wọn: ṣé ẹ̀jẹ̀ yín a máa kọjá ọjọ́ méje kó tó dá? Ṣé ó máa ń dì gbàgbà? Ṣé ẹ máa ń jí lóru láti pààrọ̀ páàdì? Ṣé ibì kan wà tí ẹ kì í lè lọ nígbà tí oṣù bá dé?